Ọlọ́run Kò Ní Ojú Rírán: Lẹ́tà sí Ìyá Ìbejì

Èbúté-Mẹ́tta, Èkó.
Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì.

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

O kú ara fẹ́ra kù. Ẹ̀yìn àbúrò wa á dára.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Nígbà kẹta, mo pa ẹ̀rọ ìránṣọ, mo ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ máa lọ sílé. Ibi tí ohùn rẹ ti gbọ̀n ni ibi tí o ti ní ẹnìkan nínú ìjọ yín sọ pé ìdájọ́ Ọlọ́run ti borí àánú Rẹ̀ lórí ìdílé yín, pé ìdí nìyẹn tí àbúrò rẹ fi lọ. O wá bi mí pé, “Ṣé Ọlọ́run tó ṣàánú mi lọ́jọ́sí náà ló wá ń bínú sí mi báyìí?” Mo ní rárá, irú ìyẹn kò ṣeé fi ohùn dáhùn. Àfi kí n jókòó kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹni yẹn le lóòótọ́. Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé kì í ṣe òtítọ́.

Oṣù mẹ́ta rèé tí a ti ń kọ́ nípa àbùdá Ọlọ́run ní ẹ̀kọ́ Bíbélì ọjọ́ Ìṣẹ́gun ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mo kọ́kọ́ rò pé oríkì la ó máa kì: Arínúróde olùmọ̀ràn ọkàn, Atẹ́rẹrẹ káríayé, Ọba àìkú, Aláàánú jùlọ. O mọ̀ mí, bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kì Í báyìí, omi á ti máa bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń to orúkọ wọ̀nyí lé ara wọn lè mú wa rò pé ńṣe ni Ọlọ́run pín sí yàrá yàrá, tí àánú ń gbé yàrá kan, tí ìbínú ń gbé òmíràn.

Wo bùbá kan. Iwájú, ẹ̀yìn, apá méjì, àti aṣọ ọrùn. Èmi ni mo gé e, èmi ni mo rán an pọ̀. Bí mo bá fi bíléèdì tú ojú rírán rẹ̀, á di ègé aṣọ márùn-ún lórí tábìlì mi. Ọlọ́run kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó gé E, kò sẹ́ni tó rán An. Àánú Rẹ̀ kì í ṣe apá, kí òdodo Rẹ̀ wá jẹ́ ẹ̀yìn, tí a ó fi ní ọ̀kan já ìkejì sílẹ̀. Èyí tó ṣáájú nínú àpilẹ̀kọ ìgbàgbọ́ 39 ti Ìjọ Áńgílíkà, àwọn àpilẹ̀kọ tó ti wà láti 1571, sọ pé Ọlọ́run kò ní ara, kò sì ní ẹ̀yà. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní Àríwá Áfíríkà, tó kú ní 430, ti kọ́ni tipẹ́ pé ohun tí Ọlọ́run ní, òun gan-an ni Ó jẹ́. Èmi ní sùúrù. Sùúrù mi lè tán lọ́sàn-án yìí kí èmi ṣì wà. Ìfẹ́ Ọlọ́run kò lè tán kí Ọlọ́run ṣẹ́ kù. Ìdí nìyẹn tí Jòhánù fi kọ ọ́ pé ìfẹ́ ni Ọlọ́run. Kò dúró sórí pé Ọlọ́run ní ìfẹ́.

Nítorí náà, bí Ó bá ń ṣèdájọ́, Ẹni tí àánú Rẹ̀ kò dín ló ń ṣe é. Sáàmù 85 ní, “Àánú àti òtítọ́ pàdéra, òdodo àti àlàáfíà ti fi ẹnu ko ara wọn ní ẹnu.” Lórí àgbélébùú ni èyí ti yé mi jù. A kò pa òdodo tì níbẹ̀ kí àánú tó ráyè wọlé.

Ó wá ku ti pé bóyá Ó ti yí padà sí ọ. Nínú ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n sí, kò sí oníbàárà kan tí ìwọ̀n rẹ̀ dúró sójú kan fún ọdún márùn-ún. Ọlọ́run ti ẹnu wòlíì Málákì sọ pé, “Èmi ni Olúwa, Èmi kò yípadà,” Ó sì fi kún un pé ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ Jákọ́bù kò fi tíì run. Ìtùnú ni wọ́n sọ ọ́ fún! Nígbà tí Mósè béèrè orúkọ Rẹ̀, ìdáhùn inú Bíbélì wa àtijọ́ ni, “Èmi ni ẹni tí ó wà.” N kì í ka ibẹ̀ kí n má rántí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther tó ṣíwájú iṣẹ́ ìtumọ̀ náà. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn ní 1821, wọ́n fi pààrọ̀ ẹṣin, ó ń ti ọwọ́ olówó kan bọ́ sọ́wọ́ òmíràn títí wọ́n fi kó o wọkọ̀ ojú omi ní Èkó níbí. Ọdún 25 kọjá kó tó tún fojú kan ìyá rẹ̀, ní Abẹ́òkúta, ní 1846. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ bí ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, “wà”, ṣe wúwo tó.

O lè ní Bíbélì kan náà sọ pé Ọlọ́run kẹ́dùn pé Òun fi Sọ́ọ̀lù jọba. Bẹ́ẹ̀ ni, 1 Sámúẹ́lì 15. Ka orí náà dé ẹsẹ 29, wàá rí i pé Sámúẹ́lì ní Ọlọ́run kì í ṣe ènìyàn tí yóò ronú pìwà dà. Ẹni tó kọ ọ́ kò gbàgbé ohun tó kọ lókè. Sọ́ọ̀lù ló ṣípò padà. Áyọ́ọ̀nù kan náà tó ń na aṣọ òwú ló ń sun léèsì tó bá ní rọ́bà nínú, ooru rẹ̀ kò sì yàtọ̀. Ṣùgbọ́n àpèjúwe mi yìí kò tó, torí bí wọ́n bá mú iná, áyọ́ọ̀nù á tutù. Jọ̀ọ́, má sì gbọ́ ọ bí ẹni pé mo ní àbúrò rẹ jẹ́ léèsì tó jóná. Àìsàn ló pa á. Nígbà tí ilé ìṣọ́ Sílóámù wó pa ènìyàn 18, Jésù fúnra Rẹ̀ ló ní wọn kò dẹ́ṣẹ̀ ju àwọn yòókù ní Jerúsálẹ́mù lọ. Ta wá ni ẹni tó ń fi òkú àbúrò rẹ ṣe ẹ̀rí ìbínú?

Ibì kan wà tó kọ́kọ́ ni mí lára nínú ẹ̀kọ́ náà: pé ìmí ẹ̀dùn kì í gbé Ọlọ́run ṣubú bó ṣe ń gbé wa. Mo ní, ṣé kò mọ ẹkún ni? Olùkọ́ wa ní kí n ṣí Jòhánù 11. Ní 451, ìgbìmọ̀ àwọn bíṣọ́ọ̀bù tó jókòó ní Kálísédónì là á yé ìjọ pé Ọlọ́run tòótọ́ ni Jésù, ènìyàn tòótọ́ sì ni, síbẹ̀ ẹnìkan ṣoṣo ni. Ẹni tí kì í yí padà gbé ara wọ̀, Ó dúró níbi ibojì Lásárù ọ̀rẹ́ Rẹ̀, Ó sì sọkún. Ìyá Ìbejì, sunkún dáadáa. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé àìnígbàgbọ́ ni.

Àǹkárá tí ẹ mú fún ìsìn ìrántí ti dé ọwọ́ mi, yáàdì mẹ́rin ni tìrẹ. Ìwọ̀n rẹ tó wà lọ́wọ́ mi, ti 2019 ni, ohùn rẹ sì fi hàn pé o kì í jẹun. Ní kí ọ̀kan nínú àwọn ìbejì wọ̀n ọ́: àyà, ìbàdí, gígùn apá. Má ṣe wọ̀n ara rẹ, téèpù á wọ́ lẹ́yìn.

Èmi ni tìrẹ,
Ìyá Dàmọ́lá.