Ẹni Tí Kò Lè Kú

Ẹ̀yin ará mi nínú Kristi, àlàáfíà fún ilé yín.

Àwọn òbí kan ń béèrè ohun tí àwọn ọmọ rí nínú fíìmù àwọn òkú amùjẹ̀, àwọn tí wọ́n ń pè ní vampire, tí ojú wọn kò fi kúrò níbẹ̀. Ẹ fọkàn balẹ̀, n kò ní sọ pé kí ẹ ju tẹlifíṣọ̀n yín sígbó.

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wò wọ́n. Bram Stoker, ọmọ Ireland, kọ ìwé Dracula lọ́dún 1897. Ní 1922, àwọn ará Jámánì fi ṣe fíìmù Nosferatu láìgba àṣẹ. Opó Stoker pè wọ́n lẹ́jọ́, kóòtù sì ní kí wọ́n run gbogbo ẹ̀dà rẹ̀. Wọn kò rí gbogbo rẹ̀ run. Ní 2024, wọ́n tún tún un ṣe. (Fíìmù náà alára kọ̀, kò kú.)

Amùjẹ̀ ti ọdún 1922 burẹ́wà, eyín rẹ̀ dà bí ti eku. Nígbà tí fíìmù Twilight fi jáde ní 2008, amùjẹ̀ ti di arẹwà ọmọkùnrin ilé ẹ̀kọ́ girama, ọmọ ọdún 17 láti 1918, tí ọmọbìnrin ń bẹ̀ pé kó sọ òun náà di irú rẹ̀. Aṣọ yí padà, ọjà tí wọ́n ń kiri kò yí: má darúgbó, má kú.

Bẹ́ẹ̀, bí àwa bá ń súre, kí la máa ń wí? Ẹ ó hu ewú lórí, ẹ ó fi erìgì jobì. A ń tọrọ ogbó, a sì ń bẹ Ọlọ́run pé kí ọmọ sin wá, kí a má fi ọwọ́ ara wa sin ọmọ. Kò sí ọ̀kan nínú àdúrà yìí tó lè ṣẹ sí amùjẹ̀ lára. Eyín rẹ̀ kò ní ká láéláé. Ó ń sin ọ̀rẹ́, ó ń sin aya, ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ ló sì fi ń gbé ara ró.

Ẹ wá ṣí Jẹ́nẹ́sísì 3. Lẹ́yìn tí Ádámù ṣẹ̀, Ọlọ́run fi kérúbù àti idà iná ṣọ́ ọ̀nà igi ìyè, kí ó má baà jẹ ẹ́, kí ó sì wà láàyè títí láé. Ọ̀pọ̀ wa ń ka ibẹ̀ bí ìjìyà lásán. Èmi rí àánú níbẹ̀. Kí ẹ̀ṣẹ̀ wà lára ènìyàn, kí ikú má sì rí i pa: ohun tí idà yẹn dínà fún nìyẹn, òun gan-an sì ni fíìmù wọ̀nyí ń fi hàn. Ìyè tí Jésù ní kò yẹ ikú sílẹ̀. Ó gba inú ibojì kọjá, ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ló sì ta sílẹ̀ fún un.

Sinners tí Ryan Coogler ṣe ní 2025 ló yà mí lẹ́nu jù. (Kì í ṣe fíìmù ọmọdé o.) Ní Mississippi, lọ́dún 1932, ọmọ pásítọ̀ kan tó ń ta gìtá bọ́ lọ́wọ́ àwọn amùjẹ̀. Ní 1992, ó ti darúgbó. Buddy Guy, àgbà olórin blues, ló kó ipa rẹ̀ nígbà ogbó. Ìbátan rẹ̀ tó ti di amùjẹ̀ wá bá a, ojú ṣì ń dán bí ti àtijọ́, ó ní òun lè fún un ní ẹ̀mí tí kò lópin. Baba ní rárá.

Orí kẹta Jẹ́nẹ́sísì yẹn la ó kà ní ìpàdé àwọn ọ̀dọ́ lọ́sẹ̀ yìí. Kí ẹni tó bá ti wo fíìmù náà wá sọ ìdí tí baba yẹn fi kọ̀.