Má tíì fọwọ́ sí ìwé ilé Dartford yẹn

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mo ti ń pè tí o kò gbé e. Ẹnu àbúrò bàbá rẹ ní Thamesmead ni mo ti gbọ́ pé ìwọ àti ọkọ rẹ ti rí ilé ní Dartford, £360,000, àti pé àwọn lọ́yà fẹ́ pààrọ̀ ìwé àdéhùn yín àti ti ẹni tó ń ta ilé lóṣù yìí. Ṣé ẹnu ẹlòmíì ló yẹ kí n ti gbọ́ ọ? Inú mi dùn, inú sì bí mi. Má tíì fọwọ́ sí i.

Ara mi le. Òjò ti ba àjà yàrá ẹ̀yìn jẹ́. Ìyàwó Àlàbá bí ìbejì, wọ́n ní kí n kí ọ.

Ìlú náà kò burú. Dartford ṣì wà nínú ètò owó ọkọ̀ London, ní zone 8, ìpele kan tó jìn sí àárín ìlú, káàdì báńkì rẹ lo máa fi wọ reluwé dé London Bridge. Bó bá jẹ́ ìhà Whitechapel lò ń lọ, bọ́ sílẹ̀ ní Abbey Wood kí o wọ reluwé Elizabeth line. Ti ọkọ rẹ tó ń ṣiṣẹ́ ní Grays, ní òdì kejì odò Thames, ló ń kọ mí lóminú. Láàárín aago mẹ́fà àárọ̀ sí mẹ́wàá alẹ́, Dartford Crossing, afárá àti ihò abẹ́ odò tí ọkọ̀ fi ń sọdá, ń gba £3.50 lálọ, £3.50 lábọ̀. Ọjọ́ 22 lóṣù, £154 nìyẹn. Ṣùgbọ́n ará Dartford lè san £25 lọ́dún kó máa kọjá bó ṣe wù ú. Ọjọ́ tí ẹ bá kó dé ni kó forúkọ sílẹ̀. Ẹni tó bá kọjá tí kò san án kí ọjọ́ kejì tó parí, £70 ni ìtanràn, £35 bó bá san án láàárín ọjọ́ 14. Bí ọkọ̀ bá sì há sórí afárá yẹn, gbogbo títì ìlú ló ń dí pa. Ẹ lọ dúró ládùúgbò náà ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kí ẹ fojú ara yín rí i.

Ta ló yẹ ilé náà wò? Ẹni tí báńkì rán wá, owó báńkì ló wá ṣọ́. Ilé àtijọ́ tí wọ́n kọ́ mọ́ra bẹ́ẹ̀, ẹ san owó ayẹ̀wò Level 3, èyí tó jinlẹ̀ jù, kí ẹni tó ń ṣe é wo òrùlé, kó wo ọ̀rinrin ìsàlẹ̀ ògiri. Ilẹ̀ ìta tí wọ́n kó ga ju ìlà tó ń dá omi dúró nínú ògiri ló sábà ń fa ọ̀rinrin yẹn, ọ̀dà kò sì wò ó sàn.

O máa ní Màmá tún ti dé. Gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì lọ́yà ní Woolwich, ohun kan náà ni mò ń rí: kí wọ́n tó pààrọ̀ ìwé, ẹ lè fà sẹ́yìn, owó lọ́yà àti owó ayẹ̀wò nìkan ló máa gbé. Bí wọ́n bá ti pààrọ̀ rẹ̀ tí ẹ fà sẹ́yìn, 10% owó ilé, £36,000, ti wọ ọ̀fìn. Má tíì fọwọ́ sí i, ọmọ mi, mo bẹ̀ ọ́.

Ohun tí mo ń yí po rèé. Lọ́yà máa bi yín bóyá ẹnikẹ́ni nínú yín ti nílé rí, níbikíbi láyé. O máa ní rárá, ọkàn rẹ á sì mọ́. Irọ́ ni, èmi ni mo sì fi í sí ọ lẹ́nu. Ilé Odò-Ọnà tí àwọn ayálégbé wà, orúkọ rẹ ni èmi àti bàbá rẹ kọ sórí ìwé rẹ̀ ní 2014. Ẹ̀rù àwọn mọ̀lẹ́bí bàbá rẹ ló bà wá. A ní bí o bá wálé a ó sọ fún ọ. Bàbá rẹ lọ, ẹnu mi kò sì gbà á.

Ẹni tí kò nílé rí kì í san stamp duty, owó orí tí ìjọba ń gbà lórí ríra ilé, lórí £300,000 àkọ́kọ́, 5% ló ń san lórí £60,000 tó kù: £3,000. Bí ẹnì kan péré nínú yín bá ti nílé rí, ó di £8,000. Bí ilé Odò-Ọnà bá sì tó £40,000 lónìí, 5% gbogbo owó ilé Dartford tún gun orí rẹ̀, ó di £26,000. Má sọ pé kí ọkọ rẹ nìkan rà á. Tọkọtaya ni yín lójú òfin, àfikún yẹn ṣì máa mú un. Lifetime ISA rẹ, àpò ìfowópamọ́ tí ìjọba ń fi owó kún fún ilé àkọ́kọ́, ńkọ́? Ẹni tó ti nílé rí kò lè fi í ra ilé, bó bá sì fà á jáde, wọ́n á yọ 25%. £4,000 tí o fi síbẹ̀, tí ìjọba sọ di £5,000, á bọ́ sí £3,750.

Má sì ní kí n sáré yí orúkọ padà. Yíyí i kò pa á rẹ́ pé o ti ní in rí. Sọ òótọ́ fún lọ́yà rẹ, kó wò ó bóyá tìrẹ ni lóòótọ́ àbí a kàn fi orúkọ rẹ ṣọ́ ọ ni. Ẹni tó máa díyelé ilé Odò-Ọnà ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Má bínú sí bàbá rẹ. Èmi ni kí o bínú sí. Ṣé ò ń jẹun? Àlàbá máa fi fọ́tò ìwé náà, ojú ewé mẹ́rin, ránṣẹ́ sórí WhatsApp rẹ lónìí. Bí o bá ti fi han lọ́yà tán, pè mí, kódà kó jẹ́ òru.

Ìyá rẹ,
Ìbàdàn