Ẹ ṣeun gan-an, ẹ kú àdúrótì níbi ìsìnkú Bàbá wa

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ̀yin àna wa gbogbo, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú wàhálà. Èèyàn ya bo Abẹ́òkúta nítorí Bàbá, àwọn tó wá láti Èkó, Ìbàdàn, Ìlọrin, àwọn tó fowó ránṣẹ́ láti òkè òkun torí wọn ò ráyè wá, a rí gbogbo yín o, ọ̀fọ̀ ò ní ṣẹ̀ yín, ayọ̀ la ó máa fi bá yín pàdé.

Ẹ̀yin lọ́yà NBA (ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò) Abẹ́òkúta, ọpẹ́ tiyín yàtọ̀. Nínú oòrùn yẹn ẹ wọ gáùn, ẹ dé wíìgì, ẹ tò lẹ́yìn pósí, Màmá wa kàn ń wò yín ni, wọ́n ní ńṣe ló dà bíi pé Bàbá wà láàárín yín.

Ọ̀pọ̀ èèyàn, "Ọnọ́rébù" ni wọ́n mọ Bàbá sí, torí wọ́n wà lára àwọn tó wọ ilé aṣojú-ṣòfin l'Ékòó ní 1979, lábẹ́ UPN, ẹgbẹ́ òṣèlú Baba Awólọ́wọ̀. Wọ́n tún wọlé ní 1983, sáà kejì yẹn ò ju bí oṣù mẹ́ta lọ tí ṣọ́jà fi gbàjọba ní December 31, ilé túká. Kóòtù ni Bàbá padà sí, sẹ́nu iṣẹ́ lọ́yà wọn. Wíìgì tí wọ́n ti ní láti ìgbà Law School Èkó náà ni, ó ti pọ́n, wọn ò rà tuntun. Tí wọ́n bá ń ka fáìlì, bírò pupa ni wọ́n fi ń fa ìlà sábẹ́ orúkọ oníbàárà, wọ́n á ní èèyàn ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe nọ́ńbà ẹjọ́. Lójú tiwa ọmọ, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wọn wà, ju Ọnọ́rébù lọ.

Ìyá àgbà tó gba máìkì níbi àìsùn, tí wọ́n ní Bàbá ló gba ilẹ̀ ọkọ àwọn padà láìgba kọ́bọ̀, Mà, ẹ ṣeun. Kò sẹ́nì kan nínú wa tó gbọ́ ọ rí, Bàbá ò sọ ọ́ nílé. Ẹni tó bá mọ ilé ìyá yìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi tó wa létí, a fẹ́ lọ kí wọn.

Bíṣọ́ọ̀bù wa, ẹgbẹ́ akọrin, àwọn alásè, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò tó bá wa to mọ́tò, ẹ ṣé o. Fọ́tò ń bọ̀ lórí WhatsApp ẹbí lọ́sẹ̀ yìí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ya fídíò, ẹ fi ránṣẹ́ sí wa.

Àwa ọmọ àti ọmọ-ọmọ