Má So Màmá Mọ́ Orí Àga

Àdùkẹ́ mi,

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. O ní látìgbà tí Màmá ti yọ̀ ṣubú lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, o ò jẹ́ kí wọ́n dìde mọ́: orí àga ni wọ́n ti ń jẹun, kódà o ti ra póò fún wọn. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, dáwọ́ rẹ̀ dúró. Iṣan ẹsẹ̀ àgbàlagbà tí kò bá ṣiṣẹ́ kì í pẹ́ joro. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá jàjà dìde, ìṣubú tí ò ń sá fún gan-an ló máa ṣẹlẹ̀.

Gbé àga tó le ti ògiri. Kí wọ́n jókòó, kí wọ́n dìde, bí ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Bí agbára bá ti ń dé, kí wọ́n má fọwọ́ ti àga mọ́. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n di etí tábìlì mú, kí wọ́n gbé gìgísẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀, kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kí wọ́n tún fi ẹsẹ̀ kan dúró, kí ìwọ wà lẹ́yìn wọn. Yunifásítì Otago ní New Zealand ló to irú eré ìdárayá yìí jọ fún àwọn arúgbó láti máa ṣe nílé, ó sì dín ìṣubú wọn kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni o. Màmá máa ráhùn. Sọ fún wọn pé ẹni tó ń jó lọ jó bọ̀ lọ́jọ́ Ìkórè ò lè sọ pé òun ò lè dìde lórí àga.

Bí wọ́n bá jí lóru láti lọ tọ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n mi ẹsẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, bó bá dìde lójijì, òòyì lè gbé e. Kó gbogbo oògùn wọn lọ fún dókítà wò, àti Piriton àti oògùn oorun tí wọ́n ń rà lọ́dọ̀ oníkẹ́mísì. Má dá èyíkéyìí dúró fúnra rẹ. Kí dókítà bá wa yẹ ojú Màmá wò pẹ̀lú. Mo fura sí ojú òsì yẹn.

Ká ẹní ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì kúrò. Fi tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ ìrọ̀rí wọn. Ìró ò gbọdọ̀ máa wọ́lẹ̀. Àwọn àǹtí tó ń sọ pé ayé ló tì wọ́n, jẹ́ kí wọ́n máa gbàdúrà, ṣùgbọ́n máa nu omi ọṣẹ ilẹ̀ balùwẹ̀ yẹn.

Bí wọ́n bá tún ṣubú, má fà wọ́n dìde wàrà-wàrà. Bi wọ́n ní ibi tó ń dùn wọ́n. Bí ẹsẹ̀ kan bá kúrú ju èkejì lọ, tó sì yí síta, ó ṣeé ṣe kí egungun ìbàdí ti ṣẹ́. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òróró wọ́ ọ, ilé ìwòsàn tí wọ́n ti lè ya àwòrán egungun ni kí o gbé wọn lọ. Bí wọ́n bá forí gbálẹ̀, gbé wọn lọ bákan náà, bí wọ́n tiẹ̀ ní kò sí nǹkan kan. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí mo ṣe ti jẹ́ kí n rí "kò sí nǹkan kan" yẹn tó.

Mo ti fi owó bàtà sínú àkáǹtì rẹ. Ju silípáàsì tó ti jẹ yẹn nù, kí o ra èyí tó ní okùn lẹ́yìn, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ò yọ̀. Má ra dúdú o, wọn ò ní wọ̀ ọ́.

Èmi ni,
Mọ́mì rẹ