Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́: ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọ́máàtì kọ̀ǹpútà yín torí géèmù tí ò ṣí

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ti ń dùn mí lọ́kàn ọjọ́ ti pẹ́, mo sì mọ̀ pé àwọn òbí tó ń ka ìwé ìròyìn yín pọ̀, àwọn ọ̀dọ́ náà ń kà á lórí fóònù, ìdí tí mo fi ní kí n kọ ọ́ síbí nìyẹn. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà títúnṣe ni mò ń ṣe l'Òṣogbo níbí. Tí ilé ìwé bá ti gba ọlidé báyìí, ohun táwọn ọmọ ń gbé wá bá wa jù ni pé áàpù géèmù wọn ò ṣí mọ́, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, á yí díẹ̀, á pòórá, òmíì ò tiẹ̀ ní yí rárá. Kí ẹ tó mọ̀, ẹnì kan nínú ilé á ti ní fáírọ́ọ̀sì ni, wọ́n á gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó máa fọ́máàtì ẹ̀, gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn á sì pa rẹ́ pátá.

Mo ń bẹ yín, ẹ yéé ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí mo ti fojú ara mi rí, fọ́máàtì ò wúlò fún un rárá, nǹkan kékeré ló fà á. Mo mọ̀ pé àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ yìí lè bínú sí mi o, ṣùgbọ́n òótọ́ ni mo fẹ́ sọ: fọ́máàtì rọrùn fún wa ni. Èèyàn á ki fílásì bọ̀ ọ́, á jókòó ti iṣẹ́ míì, tó bá parí á gbowó. Kéèyàn wá ìdí tí nǹkan ò fi ṣí, ìyẹn gba sùúrù, oníbàárà ò sì ní rí i pé èèyàn ṣe nǹkan kan bàbàrà.

Ọmọbìnrin kan gbé laptop ẹ̀ wá bá mi, yunifásítì ló wà, wọ́n ti fọ́máàtì ẹ̀ níbòmíì kó tó dọ́dọ̀ mi. Iṣẹ́ àṣekágbá tó ń kọ ti lọ, fọ́tò ìsìnkú ìyá àgbà wọn ti lọ, gbogbo géèmù tó fi dátà òru dáńlóòdù ti lọ, áàpù géèmù yẹn ò sì ṣí síbẹ̀! Ó ń sọ pé òun ò rí íntánẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ dátà wà lórí fóònù tó fi ń ṣe hotspot, WhatsApp ń wọlé. Mo wo ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún níbi tí aago máa ń wà. Ọdún 2012 ló wà níbẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Tòkunbọ̀ ni laptop yẹn, bátìrì ńlá ẹ̀ ti kú, iná NEPA tààrà ló fi ń lò ó. Bátìrì kékeré kan tún wà nínú kọ̀ǹpútà, ó rí rìbìtì bíi owó ẹyọ, wọ́n máa ń kọ CR2032 sí i lára, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa jẹ́ kí aago ṣiṣẹ́ nígbà tí kò síná. Ìyẹn náà ti kú. Nítorí náà gbogbo ìgbà tí NEPA bá ti mú iná lọ, kọ̀ǹpútà á gbàgbé ọjọ́, á padà sí ọdún tó wù ú. Áàpù géèmù ayé ìsinsìnyí sì gbọ́dọ̀ bá kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ tó ni ín sọ̀rọ̀ kó tó lè ṣí dáadáa, ilé iṣẹ́ yẹn á mú ìwé ẹ̀rí jáde pé àwọn làwọn lóòótọ́, ọjọ́ tí ìwé ẹ̀rí yẹn bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí wà lára ẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó gbà pé ọdún 2012 la wà, tó wá rí ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde, á ní ìwé yìí ò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mi ò gbà á, á sì ti ilẹ̀kùn. Chrome tá a fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì gan-an á sọ fún yín pé aago yín ti wà lẹ́yìn. Ẹ wá wò ó, báwo ni fọ́máàtì ṣe fẹ́ tún bátìrì tó ti kú ṣe? Mo pààrọ̀ ẹ̀, mo tún ọjọ́ ṣe, áàpù ṣí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọmọ yẹn ò padà wá, torí wọ́n ti kọ Windows tuntun lé e lórí, gbogbo ohun tá a fi wá a ò rí i. Ó jókòó síbẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń bí mi nínú títí di bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí.

Torí náà ẹ kọ́kọ́ wo aago. Tí ọjọ́ àti ọdún bá pé, ẹ wá wò ó bóyá áàpù yẹn ti ṣí tẹ́lẹ̀ tó kàn sá pamọ́ sẹ́yìn. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ gan-an, ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ ló há síbì kan, gbogbo ìgbà tí ẹ bá tún tẹ̀ ẹ́, á rò pé òun ti wà lẹ́nu iṣẹ́, kò ní dá yín lóhùn. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, Task Manager á jáde, ẹ wá orúkọ áàpù náà níbẹ̀, ẹ tẹ End task, gbogbo èyí tó bá ń jẹ́ orúkọ yẹn, ẹ pa gbogbo ẹ̀, kí ẹ tó tún un ṣí. Ẹ wò ó bóyá àyè ṣì wà nínú C pẹ̀lú, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó fáìlì pamọ́ sí, torí tí C bá ti kún dẹ́nu, kò sí ibi tí áàpù máa kó ẹrù ẹ̀ sí.

Tó bá jẹ́ Steam ni, áàpù tí wọ́n fi ń ra géèmù tí wọ́n sì fi ń ṣí i, tí àwọn ọmọ wa ń lò jù, èyí tí ilé iṣẹ́ Valve ní Amẹ́ríkà gbé jáde lọ́dún 2003, ọ̀nà kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo òbí mọ̀, torí ó ń gba dátà là. Dátà ti wọ́n, géèmù kan ṣoṣo lè tó 50GB tàbí kó jù bẹ́ẹ̀, ọmọ tó ti ń jí lóru torí kó lè rí dátà olówó pọ́ọ́kú lò, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nu iṣẹ́ ẹ̀ dànù. Ẹ ti Steam pa pátápátá, ẹ lọ sínú C, ẹ ṣí Program Files (x86), ẹ ṣí fódà tó ń jẹ́ Steam. Ẹ máa rí fódà kan tó ń jẹ́ steamapps, ibẹ̀ ni gbogbo géèmù wà, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ máa rí userdata, ẹ má fọwọ́ kan ìyẹn náà. Ẹ máa rí steam.exe, ẹ fi í sílẹ̀. Gbogbo ìyókù, ẹ pa á rẹ́, ẹ pa kọ̀ǹpútà kí ẹ tún tàn án, kí ẹ wá tẹ steam.exe yẹn, á lọ dáńlóòdù àwọn nǹkan tara ẹ̀ tó nílò, ìyẹn ò ní jẹ dátà tó bẹ́ẹ̀ jù, géèmù yín á sì wà níbi tó wà. Tí iná bá lọ nígbà tí Steam ń ṣe update lọ́wọ́, tí fáìlì ẹ̀ wá jẹ́ ààbọ̀, ọ̀nà yìí ló máa ń tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí Windows tún wà níbẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti ń dùn mí jù fáwọn òbí tó ń fi owó tí wọ́n tu jọ ra laptop tòkunbọ̀ ní Computer Village n'Ikẹjà. Àwọn kan ṣì ń ta èyí tó ní Windows 7 nínú, á mọ́ tónítóní, á sì yá. Ṣùgbọ́n Microsoft, ilé iṣẹ́ tó ni Windows, ti fi Windows 7 sílẹ̀ láti oṣù kìíní ọdún 2020, Steam náà sì kéde pé láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024 àwọn ò bá Windows 7, 8 àti 8.1 ṣe mọ́, torí Chrome tí wọ́n kì sínú Steam ò ṣiṣẹ́ lórí àwọn ìyẹn mọ́. Ẹni tó bá ń fi Steam sí i tó tún ń yọ ọ́ lórí Windows 7 kàn ń da ara ẹ̀ láàmú ni. Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows àti R pọ̀, ẹ kọ winver síbẹ̀, á sọ èyí tẹ́ ẹ ní fún yín, ẹ sì ṣe é níwájú ẹni tó fẹ́ ta kọ̀ǹpútà fún yín kí ẹ tó kówó sílẹ̀. Tó bá jẹ́ ti àtijọ́ ni, ìyẹn lè nílò kéèyàn fi Windows tuntun sí i lóòótọ́, àmọ́ kí ẹnì kan tó fọwọ́ kàn án, ẹ kó fáìlì yín sórí fílásì tàbí hard disk míì, kí ẹ̀yin fúnra yín ṣí i wò lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíì pé ó pé.

Nígbà míì, kọ̀ǹpútà á sọ ohun tó ń ṣe é fún wa, àwa ni kì í kà á. Páálí kékeré á jáde lójú kọ̀ǹpútà, á ní òun ò rí VCRUNTIME140.dll tàbí MSVCP140.dll, ìyẹn fáìlì tí géèmù nílò kó tó lè ṣiṣẹ́, ọmọ á ti tẹ OK kó tó kà á tán. Ẹ yà á ní fọ́tò kí ẹ tó tẹ ohunkóhun. Àwọn méjèèjì yìí, Visual C++ Redistributable ni wọ́n ń wá, ọ̀fẹ́ ni lórí ìkànnì Microsoft, ẹ gba ti x86 àti ti x64, ẹ fi méjèèjì sí i, ó tán. Ẹ má lọ kọ orúkọ dll yẹn sí Google kí ẹ wá mú u níbi àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá rí, àwọn ibi tó ń fi dll ẹyọ kan ṣe sàráà yẹn, ẹ sá fún wọn.

Ó wá ku ti kírákì, ìyẹn géèmù tí wọ́n já àgádágodo ẹ̀ kéèyàn má baà sanwó, èyí tí ọ̀rẹ́ gbé wá lórí fílásì. Mi ò ní bú àwọn ọmọ, mo mọ ohun tí dọ́là ti sọ owó géèmù dà. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé Windows á rí fáìlì kan tó fura sí nínú kírákì yẹn, á tì í mọ́lé, géèmù ò ní ṣí, ọ̀rẹ́ á wá ní kó pa antivirus tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà. Orí kọ̀ǹpútà yẹn kan náà ni ìyá ti ń wọ ìmeèlì tí báńkì ń fi ìwé owó ẹ̀ ránṣẹ́ sí, àwọn kírákì yìí sì ní èyí tó jẹ́ pé páásíwọ́ọ̀dù ló wá jí. Dota 2 àti Counter-Strike 2 wà lórí Steam lọ́fẹ̀ẹ́, kò sẹ́ni tó máa gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín kí ẹ tó ṣe é. Epic Games, ilé iṣẹ́ míì tó ń ta géèmù, náà máa ń fún èèyàn ní géèmù ọ̀fẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá sì ra géèmù lórí Steam tí kọ̀ǹpútà ẹ̀ ò lè gbé e, ó lè béèrè owó ẹ̀ padà láàárín ọjọ́ 14, tí kò bá tíì ṣe é tó wákàtí méjì. Ọ̀pọ̀ ò mọ èyí, owó wọn á kàn wọlẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀.

Tí ẹ bá ti wo gbogbo ìwọ̀nyí tó ṣì kọ̀, ẹ lọ gba dírááfà tuntun (áàpù kékeré tó ń darí ohun èlò kọ̀ǹpútà) fún graphics yín, ìyẹn ohun tó ń gbé àwòrán jáde, látọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe é, bóyá Intel, AMD tàbí NVIDIA. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá gbé e tọ oníṣẹ́ lọ, kí ẹ sì sọ fún un lójú ara ẹ̀ pé ẹ ò ní kó fọ́máàtì o, kó sọ ìdí tí kò fi ṣí fún yín ná. Tí kò bá lè sọ ọ́, ẹ gbé kọ̀ǹpútà yín kúrò níbẹ̀.

Olóòtú, ẹ̀bẹ̀ tí mo wá bẹ̀ yín ni pé kí ẹ fún irú ọ̀rọ̀ báyìí ní àyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín. Tí wọ́n bá ń kọ ọ́, èdè Òyìnbó ni gbogbo ẹ̀, ọ̀pọ̀ ìyá àti bàbá tó ń sanwó fọ́máàtì yìí ni kò ní kà á débẹ̀. Tí lẹ́tà yìí bá sì gùn jù, ẹ gé e níbi tó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ dákun, orúkọ àwọn fódà àti fáìlì tí mo kọ yẹn, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bí mo ṣe kọ wọ́n gẹ́lẹ́, ẹ má fi àmì ohùn kankan sí wọn lórí, kí ẹni tó bá fẹ́ wá wọn nínú kọ̀ǹpútà lè rí wọn.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan, Òṣogbo.