Ẹ fi àbàtà lé ará ìlú lọ́wọ́

Sí Olóòtú,

Láti ọdún 2001 ni àdéhùn Ramsar, ìyẹn àdéhùn àgbáyé lórí ìdáàbòbò àbàtà, ti ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, àbàtà 11 ló sì ti wà nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ti Èkìtì níbẹ̀. Ó dùn mí, àmọ́ kò yẹ kí a máa dúró de ìjọba. Bí oògùn apakoríko bá ṣàn láti àkùrọ̀ wọnú odò Uréje ní Adó-Èkìtì níbí, ọ̀pọ̀lọ́ àti ẹja wẹ́wẹ́ tí lékeléke ń jẹ yóò kú, ẹyẹ yóò sì ṣí lọ. Àwọn àgbẹ̀ àti ọdẹ tó mọ etí odò náà ni kí ọba àti ìjòyè pè, kí wọ́n jọ fòfin de kíkó yẹ̀pẹ̀ dí àbàtà àti gígé ògùrọ̀.

Òǹkàwé yín,
Adó-Èkìtì