Kí Ẹ Tó Yọ̀ Mọ́ Owó Oṣù

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ àbúrò mi kan mú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ wá bá mi n'Ífẹ̀ níbí, ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu ẹ̀. Èkó ni iṣẹ́ ọ̀hún wà, 150,000 náírà lóṣù. Mo ní, “Èló ló máa dé ọwọ́ ẹ nínú ẹ̀?” Ó ń wò mí.

Iṣẹ́ akáńtì ni mo ṣe fẹ̀yìn tì, n ò lè rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ kí n má wá bírò. Mo dojú ẹ̀ délẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ la ti ṣírò.

Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 ní kí wọ́n yọ ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán, nínú bésíìkì (ìyẹn owó iṣẹ́ gan-an, láìka àjẹmọ́nú), owó ilé àti owó ọkọ̀ òṣìṣẹ́. Bó bá jẹ́ pé orí gbogbo owó náà ni wọ́n ti yọ ọ́, 12,000 ti lọ, owó orí ò tíì dé. Ọ̀gá yín náà gbọ́dọ̀ fi ìdá mẹ́wàá tirẹ̀ kún un. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń san án, ojú ò tì yín.

Ó kan ilé. Oṣooṣù ni wọ́n ń sanwó fún yín, ọdọọdún ni onílé ń gba tiẹ̀. Yàrá tó rí, 600,000 ni. Ká gbàgbé kọmíṣàn ejẹ́ńtì àti owó àgírímẹ́ǹtì ná (wọn ò ní gbàgbé yín o), 50,000 lóṣù nìyẹn. Bọ́ọ̀sì méjì ni yóò wọ̀ lálọ, méjì lábọ̀, 2,000 lójúmọ́. Ọjọ́ iṣẹ́ 22, ó di 44,000. Nínú 138,000 tó ṣẹ́kù lẹ́yìn owó ìfẹ̀yìntì, ó ku 44,000 géérégé, kò tíì san owó orí, kò sì tíì jẹun.

Bẹ́ẹ̀, ó ti kọ iṣẹ́ 110,000 kan ní Sábó níbí, tó lè fẹsẹ̀ rìn dé láti ilé bàbá ẹ̀. Ó ní owó náà kéré!

Èmi náà ṣe é rí. Mo sá lọ Ìbàdàn nígbà èwe, mo ń wọ táì kiri, ṣùgbọ́n bó bá ti di ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù, ìrẹsì àwìn ni mò ń jẹ. Ẹ̀yìnkùlé ni mò ń gbà wọlé kí ìyá oníráìsì má baà rí mi.

N ò ní kẹ́ni má lọ Èkó. Bí iṣẹ́ ibẹ̀ bá máa kọ́ yín ní ohun tí Ifẹ̀ ò ní, ìyẹn lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ lọ wọ bọ́ọ̀sì yẹn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kẹ́ ẹ ná ata lọ́jà àdúgbò. Iye tí ẹ̀gbọ́n yín ń ná ní 2022 ò wúlò mọ́; láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023, ata àti ọkọ̀ ti jọ gun òkè. Ẹ ka dátà mọ́ ọn, ẹ ka aṣọ ẹbí, ẹ ka ti ìyá yín nílé, ẹ ka ti àìsàn. Iye tó bá jáde ni kẹ́ ẹ bá wọn sọ.

Ọmọ náà pè mí lálẹ́ ọjọ́ kejì. Ó ní òun ti kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n sọ ọ́ di 220,000. Wọn ò tíì fèsì.

Èmi ni bàbá yín,
Ilé-Ifẹ̀.